Aràn Pẹlẹbẹ Nínú Táǹkì Ẹja Òkun: Ẹ Fi Ọwọ́ Dín In Kù Kí Ẹ Tó Ra Ẹja Tí Yóò Jẹ Ẹ́

Bí ẹ bá rí ohun pupa rúsúrúsú kan tó ń yọ́ rìn lára gíláàsì táǹkì ẹja òkun yín, tó kéré bíi kóró tòmátì, tó ní ìrù ṣóńṣó-ṣóńṣó mẹ́ta nídìí, aràn pẹlẹbẹ ni. Convolutriloba retrogemma ni àwọn onímọ̀ ń pe èyí tó wọ́pọ̀ jù. Kì í jẹ iyùn, ìyẹn ẹ̀dá alààyè inú òkun tó dà bí òkúta, tí a ń tọ́jú nínú táǹkì. Ewéko tíntìntín ń gbé nínú ara rẹ̀ tó ń bá a fi ìmọ́lẹ̀ pèsè oúnjẹ, ìdí nìyẹn tó fi máa ń wá ibi tí iná ti mú, tí omi ò sì ti sáré. Tó bá ti pọ̀, á bo iyùn mọ́lẹ̀, iyùn ọ̀hún ò ní rí ìmọ́lẹ̀ mọ́. Kò nílò akọ tàbí abo kó tó pọ̀ sí i o: ara òun fúnra rẹ̀ ni ọmọ ti ń yọ.

Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá bi yóò ní kí ẹ lọ ra wrasse, irú ẹja òkun kan tó máa ń jẹ aràn. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí táǹkì mi nílé ní Lọ́ńdọ̀nù kọ́ mi ni pé ọwọ́ ẹni ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, ẹja wulẹ̀ ń bá ni ṣọ́ èyí tó ṣẹ́ kù ni. Ẹja kan ṣoṣo ò lè jẹ aràn tó ti bo gbogbo àpáta tán.

Ẹ wá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú omi. Ẹ ki orí kan bọ táǹkì, ẹ fi orí kejì sínú àpò asẹ́ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ máa fa àwọn aràn náà. Ìgbà tí iná táǹkì bá mú jù ni kí ẹ ṣe é, torí ìgbà náà ni wọ́n ń jáde síta. Mo mọ̀ pé oògùn wà, ó sì ń pa wọ́n kíákíá. Wàhálà ibẹ̀ ni pé aràn yìí ní májèlé lára. Tí wọ́n bá kú rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà, májèlé á tú sínú omi, ẹja yín á bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ. Bí ẹ bá máa lò ó náà, ẹ kọ́kọ́ fa èyí tí ẹ bá lè fà, kí ẹ po omi iyọ̀ tuntun sílẹ̀, kí èédú tí wọ́n fi ń sẹ́ omi sì wà nítòsí.

Nínú ẹja, sixline wrasse ni mo kọ́kọ́ lò. Ẹ jókòó wò ó bó ṣe ń dọdẹ. Á dúró gbọn-in lórí àpáta, á yí ojú kan sí ihò, á yí èkejì. Lójijì á sọ ẹnu sí i, á tún kọjá lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe láti àárọ̀ títí iná á fi kú. Nígbà tí màmá mi wá kí wa láti Ìbàdàn, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹja tí o ò ní sè ni o ń náwó tó báyìí lé lórí?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Oníjà ni sixline. Tó bá ti pẹ́ nínú táǹkì, kò ní jẹ́ kí ẹja tuntun sinmi. Òmíràn sì wà tí kò ní wo aràn rárá. Torí náà ni mo ṣe fẹ́ràn yellow coris jù, wrasse mìíràn tó jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́. Inú yanrìn ló ń sùn, ẹ jẹ́ kí yanrìn jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì bo orí táǹkì nítorí ó máa ń fò. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹja tí ẹ lè bá gbé lẹ́yìn tí aràn bá tán ni kó jẹ́, ẹ má sì bọ́ ọ yó jù. Ẹja tó yó kì í dọdẹ. Ẹ má tìtorí aràn ra ẹja mandarin. Ebi ni yóò pa á nínú táǹkì kékeré.

Ìgbín òkun kan wà tí kò ní ìkarahun, Chelidonura varians, tó dúdú minimini, tí ìlà búlúù yí i ká. Aràn pẹlẹbẹ nìkan ló ń jẹ, kò sí ẹja tó mọ iṣẹ́ yìí tó o. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí aràn bá tán ni ebi tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Pọ́ǹpù sì lè fà á wọlé kó gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ẹ fi fóòmù bo ẹnu pọ́ǹpù náà. Bí tèmi ṣe parí iṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni mo gbé e fún ọ̀rẹ́ mi kan tí aràn wà nínú táǹkì tirẹ̀.

Tó bá jẹ́ irú iyùn tí wọ́n ń pè ní Acropora lẹ ń tọ́jú, aràn tirẹ̀ yàtọ̀: Prosthiostomum acroporae. Èyí ń jẹ iyùn ní tirẹ̀, àwọ̀ iyùn gan-an ló sì gbé wọ̀. Àpá funfun róbótó-róbótó tí ẹnu rẹ̀ fi sílẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ rí. Àwọn onímọ̀ ní Ọsirélíà gbé iṣẹ́ kan jáde ní 2020 tó fi hàn pé sixline ń jẹ àgbà aràn náà, edé peppermint sì ń jẹ àgbà, ó tún ń jẹ ẹyin. Ẹyin yẹn gan-an ni wàhálà, torí oògùn tí a ń ri iyùn bọ̀ kì í pa á. Ibi tó ti kú nísàlẹ̀ iyùn ló ń yé e sí. Kí iyùn tuntun tó wọlé, mo máa ń já a kúrò lórí ìdí tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, màá fi awò wo ibi tó kú, màá fi abẹ ha ẹyin tí mo bá rí. Lẹ́yìn náà, ó di inú táǹkì kékeré fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ẹyin tó bá ṣẹ́ kù pa síbẹ̀, kí n tún iyùn náà rì bọ oògùn.