Abọ́ Kejì Lẹ́nu Ọ̀nà: Halloween Fún Ọmọ Tí Ara Rẹ̀ Kì Í Gba Ẹ̀pà

Ní alẹ́ 31 oṣù Kẹwàá, ìyẹn alẹ́ Halloween tí àwọn ọmọdé máa ń ti ilé dé ilé gba súìtì, ọmọ tí ẹ̀pà tàbí wàrà kì í bá lára mu máa ń kan ilẹ̀kùn bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Á wọ aṣọ ìdíbọ́n, á na báàgì, á ké "Trick or treat!", ìyẹn igbe tí wọ́n fi ń tọrọ súìtì. Ohun tó bá bọ́ sínú báàgì ló yàtọ̀. Tó bá fi máa délé, ó lè má ju súìtì méjì mẹ́ta lọ tó ṣeé jẹ fún un nínú gbogbo ohun tó rìn kó.

Ní Amẹ́ríkà, àmì tí wọ́n ń lò fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni elégédé aláwọ̀ teal, ìyẹn àwọ̀ tó wà láàrin búlúù àti ewé tútù. Ìpínlẹ̀ Tennessee ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2012, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn òbí kan. Ní 2014, àjọ FARE, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí kì í bá ara mu (àléjì), gbé e kárí orílẹ̀-èdè. Bí elégédé yìí bá wà lẹ́nu ọ̀nà, ohun kan ṣoṣo ló ń sọ: ẹ̀bùn tí kì í ṣe jíjẹ wà nílé yìí. Kò sọ pé onílé ò pín súìtì. Àwọn kan á ní àwọn ò lè torí ọmọ kan fi súìtì du ọgọ́ta. Ta ló ní kí wọ́n fi dù wọ́n?

Ẹ má gbẹ́ elégédé náà. Èyí tí wọ́n gbẹ́ máa ń jẹrà láàárín ọjọ́ mélòó kan, èyí tí wọ́n kùn lódindi á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ nù ún gbẹ kẹ́ ẹ tó kùn ún, torí ọ̀dà kì í mú lára awọ tútù. Oníke náà dára, ẹ ó tún rí i lò lọ́dún tó ń bọ̀.

Abọ́ ni ọ̀rọ̀ gan-an wà. Onílé á ra pẹ́ńsù àti sítíkà, á sì dà wọ́n mọ́ ṣokoléètì nínú abọ́ kan náà. Ọ̀rá ṣokoléètì kan á ya, ẹ̀pà inú rẹ̀ á ra mọ́ pẹ́ńsù, ọmọ á mú pẹ́ńsù náà, á sì fọwọ́ nu ẹnu. Abọ́ méjì ni kẹ́ ẹ lò, kí wọ́n jìnnà síra, kí ti nǹkan ìṣeré má sì jẹ́ èyí tí súìtì ti wọ̀ rí lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ mú un, torí ọwọ́ tiyín ti wà nínú súìtì láti ìrọ̀lẹ́. Sànítáísà ò ràn án: ó ń pa kòkòrò, àmọ́ kì í ṣí èròjà ẹ̀pà kúrò lọ́wọ́. Ọṣẹ àti omi ló ń ṣí i, tàbí wáìpù.

Ẹ má bi ọmọ pé "Ṣé o ní àléjì?" lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Gbogbo wọn ni kẹ́ ẹ bi pé "Èwo lo fẹ́, súìtì àbí nǹkan ìṣeré?" Ọmọ tí kì í fẹnu jẹun, tó jẹ́ rọ́bà ni wọ́n fi ń fún un lóúnjẹ, náà á rí tirẹ̀ mú láì ṣàlàyé kankan. Àmọ́ tí gbogbo ọmọ bá ti ń yàn, nǹkan ìṣeré á yá tán ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Bẹ́ ẹ bá ń retí ọmọ 60, ẹ má ra ohun tó dín ní 30.

Kí lẹ ó wá kó síbẹ̀? Sítíkà, pẹ́ńsù, òrùka oníke, eyín oníke, ọ̀pá kékeré tó ń tàn nínú òkùnkùn. Ti ọ̀pá yìí, ẹ má ṣẹ́ ẹ sílẹ̀ láti ọ̀sán, ó lè ti kú kí ọmọ tó dé. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kì í ṣe ẹ̀bùn lójú ọmọ ọdún méje, ẹ gbàgbé rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún amọ̀ ìṣeré aláwọ̀ mèremère, torí àlìkámà wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, Play-Doh pẹ̀lú. Bọ́ọ̀lù kékeré tí fífẹ̀ rẹ̀ ò tó íǹṣì 1.75 sì lè há ọ̀fun ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́ta.

Bẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ ra súìtì "tí kò lẹ́pà", ẹ ka ara ọ̀rá rẹ̀, kẹ́ ẹ kà á lọ́dọọdún. Òfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n dárúkọ mẹ́sàn-án: wàrà, ẹyin, ẹja, edé àti akàn, kaṣú àti àwọn èso bíi tirẹ̀, ẹ̀pà, àlìkámà, sóyà, àti yànmọ̀tí tí wọ́n fi kún un láti 1 oṣù Kìíní 2023. Àmọ́ kò pọn dandan kí wọ́n kọ ọ́ pé "ó lè ní ẹ̀pà díẹ̀ nínú" tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n fi ṣe é, nítorí náà bí wọn ò bá kọ ọ́, ẹ má kà á sí ẹ̀rí. Súìtì tín-ín-rín ti Halloween sì lè yàtọ̀ sí èyí tó tóbi, bó tiẹ̀ jẹ́ orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Ara báàgì ńlá ni àkọsílẹ̀ máa ń wà, ara ẹyọ kọ̀ọ̀kan kì í sábà sí. Ẹ gé ibi tí wọ́n kọ èròjà sí, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ abọ́.

Fún òbí tó ń mú ọmọ kiri: kí ọmọ yó kó tó jáde, kó má sì fi nǹkan kan kan ẹnu títí ẹ ó fi délé. Lórí tábìlì, ẹ pín ẹrù rẹ̀ sí èyí tó dára, èyí tí kò dára, àti èyí tí kò lákọsílẹ̀. Ẹ da ìkẹta mọ́ ìkejì. Ẹ ti dá iye tẹ́ ẹ máa fi ra àwọn tí kò ní lè jẹ padà lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó jáde, bíi ìwé kan fún súìtì mẹ́wàá.

Abẹ́rẹ́ epinephrine, ìyẹn oògùn pàjáwìrì fún àléjì líle, méjì ni kó wà lọ́wọ́ àgbà tó ń bá a rìn, kì í ṣe nínú mọ́tò. Ẹ wo ọjọ́ tó máa bà jẹ́, kẹ́ ẹ sì wọn ọmọ: ti 0.15 mg wà fún ọmọ kílò 15 sí 30, ti 0.3 mg fún ẹni tó bá jù bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ yìí máa ń la ṣòkòtò já, àmọ́ fóòmù tí wọ́n fi ṣe iṣan akọni sára aṣọ lè dí i lọ́nà. Nítorí náà, ẹ dán an wò nílé bẹ́ ẹ ṣe máa dé ẹ̀gbẹ́ itan, níbi tí wọ́n ń gún un sí. Ìbòjú àti ọ̀dà ojú tún ń bo ètè tó ń wú àti ara tó ń sú, nínú òkùnkùn. Bí ohùn rẹ̀ bá há, tó ń wúkọ́, tó ń bì, tàbí tó ní ahọ́n ń yún òun, ẹ ṣí ìbòjú náà, kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú. Bó bá jẹ́ àléjì líle ni, abẹ́rẹ́ ló ṣáájú, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì Amẹ́ríkà. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, àyàfi bí mímí bá ṣòro fún un, kó jókòó. Bí kò bá rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 15, ẹ gún ìkejì. Oògùn ara yíyún ò lè rọ́pò abẹ́rẹ́ yìí.

Padà sẹ́nu ọ̀nà: bí abọ́ nǹkan ìṣeré bá tán, ẹ gbé elégédé náà wọlé lójú ẹsẹ̀, kódà bí súìtì bá ṣì kù. Láti òdìkejì títì ni ọmọ yẹn ti rí i tó fi ń sáré bọ̀.