Kí Ẹ́ńjìnnì Má Baà Kú Sójú Ọ̀sà

Bàbá mi ló fi ọkọ̀ onípákó kan àti ẹ́ńjìnnì Yamaha alágbára ẹṣin 40 sílẹ̀ fún mi ní Ẹ̀pẹ́. Ohun tí ó máa ń tẹnu mọ́ nígbà ayé rẹ̀ ni pé, bí mo bá ti fa okùn tí ẹ́ńjìnnì sì dáhùn, kí n tó kọjú síbi tí mò ń lọ, kí n kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn wò ó bóyá ó ń tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwa tí a ń wa ọkọ̀ ṣe ń wí. Ihò kékeré kan wà lára ẹ́ńjìnnì tí omi máa ń tú jáde níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́, omi yẹn ló sì ń fi hàn pé pọ́ǹpù tó wà nísàlẹ̀, nínú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ń fa omi ọ̀sà sókè láti mú irin inú rẹ̀ tutù.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìtọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í já tẹ́ẹ́rẹ́. Mo rí i. Mo ń sọ fún ara mi pé bí ọjà bá tú, n ó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ọjà tú tó ìgbà mẹ́rin, n kò gbé e lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mò ń gbé àwọn ìyá ẹlẹ́ja mẹ́rin lọ sí ọjà Olúwo, òórùn ọ̀dà tó ń jóná gba imú mi, mo wẹ̀yìn, ìtọ̀ náà ti dá pátápátá, kí n sì tó na ọwọ́ láti pa ẹ́ńjìnnì, ó ti nọ́ọ̀kì. Ìyá àgbà kan tó jókòó síwájú yíjú padà, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé kò séwu?” Mo ní, “Kò séwu, mà.” Irọ́ ni mo pa. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú kì í dúró sójú kan: atẹ́gùn yóò dá a ní ìbú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò kọjú sí ìgbì, omi yóò sì máa wọlé láti ibi tó rẹlẹ̀ jù, pàápàá bí ẹrù bá pọ̀ nínú rẹ̀. Báàfù ẹja ni a fi ń gbọ́n omi dànù títí apẹja kan fi wá so okùn mọ́ wa, tó sì wọ́ wa dé èbúté.

Nígbà tí mẹkáníìkì tú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà, ohun tó fi hàn mí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ: rọ́bà tó ń yí nínú pọ́ǹpù, tó yẹ kó ní apá mẹ́fà. Méjì péré ló kù. Àwọn yòókù ti gé, ègé wọn sì ti lọ dí ọ̀nà omi lókè. Owó rọ́bà náà kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó písítìnì tí mo padà rà. Iyanrìn ibi tí omi kò jìn ló máa ń jẹ rọ́bà yìí, àti títan tí àwọn kan máa ń tan ẹ́ńjìnnì lórí ilẹ̀ gbígbẹ láti fi han oníbàárà pé ó ń ṣiṣẹ́. Omi nìkan ló ń mú pọ́ǹpù yẹn yọ̀. Bí kò bá sí omi, ìṣẹ́jú kan ti tó láti bà á jẹ́. Ẹ́ńjìnnì tí a gbé jù sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀ náà kò yè é, nítorí apá rọ́bà náà yóò ti ká gan-an sójú kan.

Ìwé tí wọ́n ń kó mọ́ ẹ́ńjìnnì sọ pé kí a máa ṣe sáfíìsì rẹ̀ ní wákàtí 100 sí 100 tàbí ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Oṣù mẹ́fà nìkan ni ọ̀pọ̀ wa gbọ́ nínú gbólóhùn yẹn. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ èrò tó ń fi wákàtí 8 ṣiṣẹ́ lójúmọ́ ti lo wákàtí 100 kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, nígbà tí yóò bá sì fi pé oṣù mẹ́fà, sáfíìsì tó ti fò ti lé ní mẹ́wàá. Ìwé kékeré kan wà nínú ọ̀rá lábẹ́ ìjókòó mi báyìí tí mo ń kọ wákàtí sí.

Omi tiwa sì ní ìwà tirẹ̀. Ọ̀sà Lẹ́kí kò níyọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, omi òkun máa ń gba ẹnu èbúté Èkó wọ ọ̀sà Èkó, iyọ̀ rẹ̀ a sì gbẹ mọ́ ọ̀nà omi inú ẹ́ńjìnnì. Bí mo bá ti ibẹ̀ dé, mo máa ń ti ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì bọ inú dúrọ́ọ̀mù omi kànga, n ó sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní ìgbà òjò, koríko olódòdó aláwọ̀ àlùkò tí ó wọ odò Àgbádárìgì ní 1984 (kì í ṣe ojú oró tí àwọn baba wa mọ̀, bí àwọn kan tilẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀) ni òun àti ọ̀rá pió wọ́tà jọ ń dí ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mu omi. Okùn ìwọ̀ burú ju méjèèjì lọ, nítorí kì í tètè hàn: a máa wé mọ́ irin tó gbé àbẹ̀bẹ̀ ìsàlẹ̀ dúró, a máa gé rọ́bà tó dí ibẹ̀, omi a sì wọ inú ọ́ìlì jíà. Ẹni tó bá tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, tó rí i pé ọ́ìlì náà ti dà bíi tíì onímílíìkì, kó má gbé ọkọ̀ náà jáde lọ́jọ́ náà. Ní ti epo, ìdajì lítà ọ́ìlì ni mò ń pò mọ́ bẹntiróòlù lítà 25; n kò fi ojú wọ̀n ọ́n mọ́.

LASWA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó ọ̀nà omi, tí òfin ọdún 2008 dá sílẹ̀, ń mú kí èrò wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ti bọ́ sómi ni jákẹ́ẹ̀tì ń ràn lọ́wọ́. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni okùn pupa tó yẹ kí awakọ̀ so mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, tí yóò pa ẹ́ńjìnnì bí òun fúnra rẹ̀ bá já sómi. Ọ̀pọ̀ ló ti so ó mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, wọ́n ní ó ń dí àwọn lọ́wọ́.

Ìyá àgbà ọjọ́sí ṣì ń bá mi wọkọ̀. Kò bi mí mọ́ pé ṣé kò séwu. Yóò gbé báàfù rẹ̀ kalẹ̀, yóò gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, yóò tẹ́ ọwọ́ sábẹ́ ìtọ̀ náà láti mọ̀ bóyá ó gbóná jù, lẹ́yìn náà ni yóò tó wá jókòó.