Àwọn àmì-ẹ̀yẹ tí kò sí nínú ìwé bàbá ọkọ mi

Ìwé kan wà tí gbogbo ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ológun ní Amẹ́ríkà máa ń gbà lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú u sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù DD 214 ni wọ́n ń pè é, láti ọdún 1950 ni wọ́n sì ti ń lò ó. Ti bàbá ọkọ mi ti wà nínú àpótí onírin láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1969. Nígbà tí wọ́n fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn ajagunfẹ̀yìntì ni wọ́n ní kí n bá wọn mú un jáde, ìgbà náà ni mo sì kọ́kọ́ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní àyè 24, níbi tí wọ́n máa ń kọ àmì-ẹ̀yẹ sí, ohun mẹ́ta péré ni mo bá: National Defense Service Medal, Vietnam Service Medal, àti báàjì Combat Infantryman tí wọ́n ń fún ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ tó bá wà lójú ìjà gan-an. Mo wo ojúgun òsì wọn, níbi tí àpá gígùn kan wà tí gbogbo wa nínú ẹbí mọ̀, mo sì béèrè pé, “Bàbá, Purple Heart yín dà?”

Purple Heart ni àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún ọmọ ogun tí ọ̀tá bá ṣe léṣe tàbí tí ọ̀tá bá pa. Orísun rẹ̀ ti wà láti ọdún 1782, nígbà tí George Washington dá àmì kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀, wọ́n sì jí i dìde ní ọdún 1932. Ó lè mú ìyàtọ̀ wá nínú ìtọ́jú pẹ̀lú, nítorí ẹni tó bá gbà á máa ń wà nínú ìpín kẹta, ó kéré tán, lára ìpín mẹ́jọ tí àjọ àwọn ajagunfẹ̀yìntì fi ń to àwọn tí wọ́n ń tọ́jú. Bàbá dá mi lóhùn pé wọ́n gbà á. Ọ̀gá ológun kan wá síbi bẹ́ẹ̀dì wọn nílé ìwòsàn ní oṣù Kẹfà ọdún 1968, ó fi í há wọn láṣọ, ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó sì kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Mẹ́dàálì náà sọnù nígbà tí wọ́n ń kó láti ilé kan sí òmíràn. Ìwé àṣẹ tó yẹ kó tẹ̀ lé e kò dé inú fáìlì wọn, akọ̀wé tó tẹ DD 214 wọn ní ọdún kan lẹ́yìn náà kò sì rí ohun tí yóò kọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wà nírú ipò yìí kọ́kọ́ fi sọ́kàn ni pé kì í ṣe ojú rere ni a ń tọrọ. Ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀, ọmọ ogun náà ti jẹ ìyà rẹ̀ tán, ìwé nìkan ló ṣẹ́kù tí kò sọ òtítọ́. Àtúnṣe ni a ń béèrè. Bàbá kò kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ojú ń ti àwọn láti máa wá ohun ẹ̀yẹ kiri lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, nígbà tí àwọn tí wọ́n jọ lọ kò padà wá sílé. Ó tó oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé ìbéèrè àkọ́kọ́, n kò sì kán wọn lójú.

Ìwé àkọ́kọ́ yẹn ni fọ́ọ̀mù SF 180, tí a fi ń béèrè fún ẹ̀dà fáìlì lọ́wọ́ National Personnel Records Center ní ìlú St. Louis, ìpínlẹ̀ Missouri. Ẹ má ṣe béèrè fún DD 214 nìkan. Gbogbo fáìlì ni kí ẹ béèrè, torí inú àwọn ewé tí ẹnikẹ́ni kì í kà ni ẹ̀rí máa ń wà. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, nítorí mo ti gbọ́ nípa iná tó jó ní St. Louis ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1973, tó run fáìlì mílíọ̀nù 16 sí 18, tí wọn kò sì ní ẹ̀dà rẹ̀ kankan níbòmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ tí wọ́n tú sílẹ̀ láàárín ọdún 1912 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 ni iná náà kàn jù, pẹ̀lú apá kan nínú àwọn ọmọ ogun òfuurufú tí wọ́n tú sílẹ̀ láàárín ọdún 1947 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1964. Ti Bàbá yè é. Ẹni tí iná náà bá kan ti ẹni rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sọ ìrètí nù, nítorí wọ́n máa ń fi ìwé owó oṣù, ìjábọ̀ òwúrọ̀ ikọ̀, àti ìwé ìtọ́jú tó wà níbòmíràn tún fáìlì náà tò.

Nígbà tí fáìlì náà dé, fọ́ọ̀mù DA 20 ni mo kọ́kọ́ wá. Ìwé yìí ni wọ́n fi ń tọpa ọmọ ogun láti ikọ̀ kan dé òmíràn láyé ìgbà náà. Àyè 31 ń sọ ìgbà tó fi wà lókè òkun, àyè 38 ń sọ ibi tó ti ṣiṣẹ́ àti bí ìwà àti iṣẹ́ rẹ̀ ti rí, àyè 40 ń sọ ọgbẹ́ tó gbà, àyè 41 sì ń sọ àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀. Ní àyè 40, akọ̀wé kan tí n kò ní mọ̀ láéláé ti fi taipuráítà kọ ọ́ pé àfọ́kù ohun ìjà ba ọmọ ogun yìí ní ẹsẹ̀ òsì, ó sì kọ ọjọ́ náà síwájú rẹ̀. Mo ka ìlà kan ṣoṣo yẹn sókè fún Bàbá. Wọ́n ní kí n tún un kà.

Ìlà kan kò tó fún Purple Heart, bí ó ti wù kó dára tó. Ẹ̀rí mẹ́ta ni wọ́n ń béèrè: pé ọwọ́ ọ̀tá ni ọgbẹ́ náà ti wá, pé ó nílò ìtọ́jú oníṣègùn, àti pé ìtọ́jú náà wà nínú àkọsílẹ̀ ìjọba. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ìwé àwọn tí wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn ológun kì í sí nínú fáìlì ọmọ ogun fúnra rẹ̀. Orúkọ ilé ìwòsàn ni wọ́n fi tò ó pa mọ́, nítorí náà ẹni tó bá ń wá a gbọ́dọ̀ mọ orúkọ ilé ìwòsàn náà àti ọdún tí wọ́n gbà á sí. Bàbá rántí méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni a wá ọ̀rẹ́ wọn kan tó wà nínú ikọ̀ kan náà lọ́jọ́ yẹn, tó sì ń gbé ní ìpínlẹ̀ mìíràn báyìí. Nígbà tó kọ́kọ́ kọ ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́, ìyìn ló kún inú rẹ̀, pé akọni ni Bàbá, pé wọn kì í sá. Mo pè é, mo sì fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ ohun tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí nìkan: ibi tí ó dúró sí, ohun tó bú gbàmù, ẹni tó gbé Bàbá, àti ibi tí wọ́n gbé wọn lọ. Ìwé kejì kò ju ojú ewé kan lọ, ó sì wúlò ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Àwọn àmì-ẹ̀yẹ yòókù kò le tó bẹ́ẹ̀, nítorí ọjọ́ àti ibi ló ń pinnu púpọ̀ nínú wọn. Bàbá wà ní Vietnam láti oṣù Kẹta ọdún 1968 sí oṣù Kẹta ọdún 1969, ìpele ogun márùn-ún ni àkókò yẹn sì kàn nínú ìpele 17 tí ilé-iṣẹ́ ológun ka ogun Vietnam sí. Ìràwọ̀ idẹ kékeré kan ni wọ́n ń fi sára ríbọ́ọ̀nù Vietnam Service Medal fún ìpele kọ̀ọ̀kan, bó bá sì pé márùn-ún, ìràwọ̀ fàdákà kékeré kan ni wọ́n fi ń rọ́pò wọn. Èyí yàtọ̀ pátápátá sí Silver Star tí wọ́n ń fún akọni. Ẹni tó bá lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí mẹ́dàálì tí ìjọba Gúúsù Vietnam ìgbà náà fi sílẹ̀. Ti ikọ̀ tún wà: ọdún 1974 ni àṣẹ kẹjọ ti ilé-iṣẹ́ ológun orí ilẹ̀ jáde, tó fi Gallantry Cross ti Vietnam fún gbogbo ikọ̀ wọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bàbá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láti ọdún márùn-ún. Kò sí akọ̀wé tó lè kọ ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ sínú ìwé, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé kò yẹ kí a di ẹ̀bi gbogbo àìpé inú DD 214 ru akọ̀wé.

Ibi tí a ti ṣìṣe ni mo fẹ́ tẹnu mọ́. Ọ̀gágun kékeré tó darí wọn ti ṣèlérí fún Bàbá pé òun yóò dámọ̀ràn wọn fún Bronze Star nítorí akínkanjú, àmì-ẹ̀yẹ tó yàtọ̀ sí ìràwọ̀ idẹ kékeré ti orí ríbọ́ọ̀nù yẹn. A fi ìyẹn mọ́ gbogbo èyí tó kù, a kọ ọ́ sínú lẹ́tà gígùn kan, ọ́fíìsì tí a kọ ọ́ sí sì dá gbogbo rẹ̀ padà. Ìka tó bá tọ́ sí imú la fi í ro imú. Àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ti fún ènìyàn, tàbí tí òfin ti fún un nípa ọjọ́ àti ibi, ọ̀rọ̀ àtúnṣe àkọsílẹ̀ ni. Àmì-ẹ̀yẹ tí ẹnikẹ́ni kò dámọ̀ràn rí, ẹjọ́ mìíràn ni: abala 1130 nínú apá kẹwàá òfin àpapọ̀ ló ṣí ọ̀nà rẹ̀, ó sì gba kí aṣòfin kan ní Kóńgírẹ́ẹ̀sì béèrè pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, pẹ̀lú ìwé ìdámọ̀ràn láti ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀gágun náà ti kú. Bàbá ní kí a fi ìyẹn sílẹ̀, mo sì fara mọ́ ọn, bó tilẹ̀ dùn mí.

Èyí tó kù ni a kó sínú fọ́ọ̀mù DD 149, tí a fi ń kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ àtúnṣe àkọsílẹ̀ ológun. Òfin ọdún 1946 ló bí àwọn ìgbìmọ̀ yìí, kí Kóńgírẹ́ẹ̀sì má bàa máa ṣe òfin ọ̀tọ̀ nítorí ẹnì kọ̀ọ̀kan, àwọn tí kì í ṣe ológun ló sì ń jókòó níbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ní tiwọn, ti orí omi àti ti Marine jẹ́ ọ̀kan, ti òfuurufú dá wà. Wọn kì í gba owó, kò sì pọn dandan kí ènìyàn gba lọ́yà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ènìyàn bá rí àṣìṣe náà ni òfin fi sílẹ̀ láti kọ̀wé, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ lè fojú fo èyí bí ìdájọ́ òdodo bá béèrè fún un, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí pé ó ti pẹ́ jókòó sílé. Bí ajagunfẹ̀yìntì náà bá ti kú, ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ rẹ̀ lè kọ ọ́ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ikú. Ẹ̀dà ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kí ojúlówó wà lọ́wọ́ yín.

Ó lé ní ọdún kan kí èsì tó dé. Wọn kò fa DD 214 àtijọ́ ya. Ìwé mìíràn tó ń jẹ́ DD 215 ni wọ́n fi ń ṣe àtúnṣe, tí a óò máa tọ́jú pọ̀ mọ́ ọn. Purple Heart ló wà ní ìlà àkọ́kọ́. Bàbá wọ awò ojú wọn, wọ́n fi ìka tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan dé òpin, wọ́n sì ní kí n bá wọn pe ọ̀rẹ́ wọn tó jẹ́rìí, kí àwọn lè fúnra wọn kà á fún un.