Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí páráṣúùtù tó ń ṣí fúnra rẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kan ẹ̀rọ tó ń gòkè, tó sì ń fi páráṣúùtù sọ̀ kalẹ̀, ní Yábàá àti Àkọkà, ìbéèrè tí ẹ sábà máa ń bi mí ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, báwo ló ṣe yẹ kí aṣọ páráṣúùtù tóbi tó?" Èyí ló rọrùn jù nínú iṣẹ́ yìí. Ẹrù kílò 1 tí ẹ bá fẹ́ kó máa sọ̀ kalẹ̀ ní mítà 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, aṣọ róbótó tó fẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 1 láti etí dé etí á gbé e. Bí ẹrù bá fi ìyára yẹn kanlẹ̀, bí ìgbà tó já bọ́ láti gíga mítà 1.3 láìní aṣọ ni. Ẹ ju àpótí yín láti gíga bẹ́ẹ̀ kí ẹ wò ó bóyá ó máa fọ́. Aṣọ ọ̀rá tí wọ́n fi ń ṣe agbòjò dára fún un, ṣùgbọ́n ẹ dá ihò kékeré sí àárín rẹ̀ lókè. Nígbà tí André-Jacques Garnerin fi páráṣúùtù bọ́ láti ara bàlúùnù ní Paris lọ́dún 1797, tiẹ̀ kò ní ihò, ńṣe ló ń fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún títí tó fi balẹ̀.

Ibi tí ẹrù ti ń ṣòfò ni ìṣẹ́jú-àáyá kan tí ẹ̀rọ ní láti mọ̀ pé òun ti ń já bọ̀, kí mọ́tò rẹ̀ sì fa pín-ìnnì tó di aṣọ mú, kó tú u sílẹ̀. Ẹ dán ìpinnu yẹn wò lọ́tọ̀, ẹ dán ìtúsílẹ̀ wò lọ́tọ̀, kí ẹ tó so wọ́n pọ̀.

Sẹ́ńsọ̀ ìfúnpá afẹ́fẹ́ bíi BMP280, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ nǹkan ká lè mọ bí a ṣe ga tó, ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń lò. Ní Èkó wa tó wà létí òkun yìí, ẹni tó bá gòkè ní nǹkan bíi mítà 8.5, hPa 1 péré ni ìfúnpá fi dín (hPa ni òṣùwọ̀n ìfúnpá). Atẹ́gùn tó fẹ́ wọnú ihò àpótí lè tan sẹ́ńsọ̀ náà jẹ, oòrùn tó ràn sí i lára náà lè tàn án. Kí kóòdù yín, ìyẹn àṣẹ tí ẹ kọ sínú ẹ̀rọ, má ṣe gba ẹ̀rí kan ṣoṣo gbọ́. Ó gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò léraléra, kí gbogbo rẹ̀ fẹnu kò pé à ń lọ sílẹ̀.

Ẹ lè dán èyí wò lórí tábìlì. Ẹ gbé bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó kékeré tí sẹ́ńsọ̀ àti kóòdù wà lórí rẹ̀, sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò, ẹ lu ihò sí ìdérí, ẹ ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ẹ fi gúlúù dí etí rẹ̀ pinpin, kí ẹ wá fi síríńjì ńlá fa afẹ́fẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Bọ́ọ̀dù á rò pé òun ń gòkè. Tí ẹ bá dá afẹ́fẹ́ padà, á rò pé òun ń bọ̀ nílẹ̀, iná pupa kékeré tí ẹ so dípò mọ́tò á sì tàn. Inú mi máa ń dùn gan-an tí mo bá rí iná yẹn. Ẹ tún fi ọwọ́ ta síríńjì lójijì. Bí iná bá tàn, a jẹ́ pé kóòdù yín ń tètè gbàgbọ́ jù.

Ẹ wo ibi tí sẹ́ńsọ̀ kọjú sí pẹ̀lú. Genesis, ẹ̀rọ tí NASA rán lọ kó ohun tó ń tú jáde lára oòrùn, padà wálé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2004, páráṣúùtù rẹ̀ kò ṣí rárá, ó sì fi ìyára nǹkan bíi kìlómítà 310 ní wákàtí kan gbá ilẹ̀ ní aṣálẹ̀ Utah. Sẹ́ńsọ̀ tó yẹ kó mọ̀ pé ó ti wọ afẹ́fẹ́ ayé ni wọ́n dorí rẹ̀ kodò láti inú àwòrán iṣẹ́ wá.

Bátìrì ni kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Nígbà tí mọ́tò bá ń fa pín-ìnnì tó há, iná tó ń mu máa ń pọ̀ lójijì, bọ́ọ̀dù á kú, á sì tún jí. Tó bá jí báyìí, á ka ìfúnpá ojú ọ̀run tó wà, á pè é ní ilẹ̀, á sì máa retí ìgbà tí wọ́n máa gbé òun sókè, nígbà tó jẹ́ pé ó ń já bọ̀. Nítorí náà, ẹ fún mọ́tò ní bátìrì tirẹ̀, kí bọ́ọ̀dù sì kọ ipò tó wà sínú ìrántí tí kì í parẹ́ bí iná bá lọ. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ há pín-ìnnì náà kí ẹ wo ohun tó máa ṣe. Bátìrì tòkunbọ̀ tí ẹ yọ lára kọ̀ǹpútà, ìgbà tí mọ́tò bá ń fà á ni kí ẹ wọn agbára rẹ̀. Bó bá sinmi, kò ní sọ òótọ́ fún yín.

Ní ti jíju ẹrù láti orí ilé: láti mítà 12, ìṣẹ́jú-àáyá 1.6 péré ló fi ń dé ilẹ̀. Bí kóòdù bá fi ìṣẹ́jú-àáyá kan ronú, nǹkan bíi mítà 5 ti lọ, aṣọ kò sì ní ráyè kún. Ọwọ́ yín á máa yún yín láti dín àkókò ìrònú náà kù kí ìdánwò lè yọrí. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má dín in kù. Ẹrù tó máa dé mítà 300 ní àyè láti dúró yẹ̀ ẹ́ wò. Láti orí ilé, aṣọ àti okùn nìkan ni kí ẹ dán wò, kí aṣọ ti wà ní títú kí ẹ tó fi sílẹ̀. Aránṣọ kan ní Ọyìngbò ló kọ́ mi pé kí okùn máa gba orí aṣọ kọjá láti etí kan dé èkejì, kí ojú ibi tí wọ́n rán má baà dá gbé ẹrù.

Ẹ má ká aṣọ sínú àpótí di ọjọ́ kejì nígbà òjò, ó máa ń lẹ̀ mọ́ra. Ẹ fi pọ́dà díẹ̀ pa á, kí ẹ ká a láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ máa lò ó.

Tó bá sì di ti dírónù, ọkọ̀ òfurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, pápákọ̀ òfurufú wà ní Ìkẹjà, ojú ọ̀run wa kì í ṣe pápá eré. Ẹ gba ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú ní Nàìjíríà, àti ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò kí ẹ tó gbé ohunkóhun sókè. Kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà sára àpótí, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì: ẹ̀rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, kò lè bú gbàmù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pe nọ́ńbà yìí. Àpótí tó ní wáyà, tó ń dún kíní-kíní, tó sì já bọ́ sí àgbàlá onílé, ìyá àgbà tó ń sá aṣọ níbẹ̀ kò mọ̀ yín rí.