Ara sanra, ara rù, kilt wà bákan náà: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó ní kilt, aṣọ bí ìró tí àwọn ọkùnrin ilẹ̀ Scotland ń wọ̀, kọ́kọ́ mọ̀ ni pé iye kílò tí òṣùwọ̀n gbé jáde kọ́ ló ń mú kí kilt má báni lára mu mọ́. Ibi tí ẹran náà lọ jókòó sí ni. Èèyàn méjì lè fi kílò 10 sanra, kí ti ọ̀kan lọ sí ikùn, kí ti èkejì lọ sí ìdí àti itan. Ti ẹni ìṣáájú, ká sún irin tí awọ ìdè kilt rẹ̀ ń so mọ́ lè tó o. Ti ẹnì kejì, àfi ká tú pílíìtì, ìyẹn àwọn ìṣẹ́po aṣọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ méjèèjì ò jọra, owó wọn ò sì súnmọ́ra rárá.

Bí wọ́n ṣe ń rán an ló fà á. Kilt gidi ti ilẹ̀ Scotland, èyí tí wọ́n fi yáàdì 8 aṣọ irun àgùntàn rán, ní abala méjì níwájú, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lókè. Méjèèjì tẹ́jú, wọn ò ní pílíìtì. Ẹ̀yìn ni gbogbo pílíìtì wà, wọ́n sì fi ọwọ́ rán wọn pa láti ìbàdí títí dé ibi tí ìdí ti yọ jù, kí wọ́n tó jẹ́ kó dà sílẹ̀ fàlàlà. Ìró àwọn ìyá wa ṣeé ró le, ó ṣeé dẹ̀, bí ara bá ṣe jí lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn kilt ò rí bẹ́ẹ̀. Kì í fẹ̀, kì í sì í sún kì. Bí ara bá yí padà, iwájú ló ń gba gbogbo rẹ̀.

Awọ ìdè mẹ́ta ló wà lára rẹ̀. Abala inú ń ti ọ̀tún lọ sí òsì, awọ rẹ̀ gba inú ihò tí wọ́n ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì jáde, ó sì so mọ́ irin níbẹ̀. Abala òkè ń ti òsì bọ̀ wá sí ọ̀tún. Awọ méjì ló ní, ọ̀kan ní ìbàdí, ọ̀kan nísàlẹ̀ ní ìgbáròkó. Ihò àárín ni ó yẹ kí awọ ìbàdí wà nígbà tí kilt bá ṣì jẹ́ tuntun, kí àyè lè wà níwájú àti lẹ́yìn. Bí ẹ bá fa ọ̀tún le ní ihò kan, ẹ fa òsì náà le ní ihò kan. Ọ̀tún nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fà, torí òun ni wọ́n ń rí, abala inú á wá dẹ̀ sílẹ̀, á máa yọ lábẹ́ bí wọ́n bá ń rìn. Awọ ìgbáròkó ní tiẹ̀ ò gbé ẹrù kankan. Kó kàn mú abala òkè dúró jẹ́ẹ́ ni. Ẹni tó bá fà á le, pílíìtì ọ̀tún ló máa ya ẹnu.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí nǹkan dé, ẹ wọ kilt náà síbi tí ó yẹ kó wà, ní ìdodo tàbí sókè rẹ̀ díẹ̀, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹ máa ń wọ̀ sí i. Ẹ má fa ikùn mọ́ inú. Kí ẹnìkan wo ìlà àárín abala òkè, bóyá ó dọ́gba pẹ̀lú ìdodo. Kó wo etí abala náà lọ́tùn-ún, bóyá ó bọ́ sílẹ̀ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan. Lẹ́yìn náà, ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ sì na ẹ̀yìn gbọọrọ. Etí ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ yíká. Ibi tó bá ti ká sílẹ̀ tàbí tó ti gòkè ju ibòmíràn lọ ló máa sọ ohun tí ara ti ṣe.

Ẹni tó rù ló kọ́kọ́ máa ń rò pé òun ò ní ìṣòro, torí kilt ṣì ń wọlé. Ká ní ìbàdí fi íǹṣì 4 dín. Abala òkè á gun orí pílíìtì ọ̀tún ní íǹṣì 4. Tí ẹ bá fi ẹ̀yìn sí àárín, ìlà iwájú á yẹ̀ sí ọ̀tún ní íǹṣì 2. Tí ẹ bá fa iwájú wá sí àárín, ẹ̀yìn ló máa yẹ̀. Kò sí bí ẹ ṣe máa yí i tí méjèèjì á fi dọ́gba. Tí ẹ ò bá sì fún un, á yọ́ bọ́ sí ìgbáròkó, etí rẹ̀ á kọjá orúnkún. Ẹ má ṣe gbé e fún télọ̀ pé kó gé ìsàlẹ̀. Etí tí wọ́n hun mọ́ aṣọ náà látinú òfì ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe etí ìsàlẹ̀ kilt, kì í ṣe ìṣẹ́tí. Ẹni tó bá gé e ti ba aṣọ náà jẹ́. Òkè ni wọ́n ti ń dín gígùn kilt kù.

Tí ikùn bá tóbi sí i, òdì kejì ni. Etí abala òkè á fà kúrò níbi pílíìtì, á máa bọ̀ sí iwájú itan, abala inú á hàn. Iwájú á gòkè ju ẹ̀yìn lọ torí ikùn ń tì í. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin máa ń sọ ọ́ kalẹ̀ sábẹ́ ikùn bí ẹni wọ ṣòkòtò. Mi ò fara mọ́ ọn. Iwájú á wọ́ kalẹ̀, ẹ̀yìn á gòkè, apá tí wọ́n rán pa fún ìdí á sì wá bọ́ sórí itan. Kó dúró ní ìdodo, kí wọ́n fi okùn èjìká gbé e tó bá ń yọ̀, ló dáa jù. Bẹ́líìtì fẹ̀ǹfẹ̀ tí wọ́n ń dè lé e kò gbé kilt dúró. Ẹwà lásán ni.

Ti ìdí ló le jù. Irin ìbàdí lè so dáadáa síbẹ̀ kí pílíìtì la ẹnu nígbà tí ẹ kàn dúró jẹ́ẹ́. Ẹ wo òpin ibi tí wọ́n rán pa, níbi tí ìdí ti yọ jù. Òwú ìsàlẹ̀ pátápátá ló ń kọ́kọ́ já níbẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan. Tí ẹ bá rí òwú méjì tó ti tú, ẹ má kàn rán an padà. Ìdí ti fẹ̀ ju ìwọ̀n ẹ̀yìn lọ nìyẹn.

Sísún irin ń gba íǹṣì 1 sí 2 láìsí wàhálà. Ẹ tú awọ kékeré tó mú irin, kí ẹ fi aṣọ tútù àti áyọ́ọ̀nù tẹ ojú abẹ́rẹ́ àtijọ́ kó pa. Tí ara bá rù, irin lọ sẹ́yìn, sí ọ̀nà ọ̀pá ẹ̀yìn. Tó bá sanra, irin bọ̀ wá síwájú. Iye kan náà ni kí ẹ sún ọ̀tún àti òsì. Òwú líle tí ẹ ti fi ìda fà ni kí ẹ lò, kí abẹ́rẹ́ sì gbá aṣọ líle tó wà lábẹ́ láínì mú. Tó bá jẹ́ tartan (aṣọ onílà tí wọ́n fi rán kilt) nìkan ló mú, irin á fa ojú aṣọ ya láìpẹ́. Lósì, ihò tí awọ ń gbà jáde ló ń pààlà. Tí irin bá ti dé etí ihò, kò sí ibòmíràn tó lè lọ, awọ abala inú ni kí ẹ pààrọ̀ sí èyí tó gùn.

Tó bá ju íǹṣì 2 lọ, ẹ lọ bá ẹni tó ń rán kilt. Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ti kéré lójú tó sì pọ̀ lọ́wọ́: ìdí íǹṣì 42, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 21 fún ẹ̀yìn, tí pílíìtì 27 pín láàárín ara wọn. Tí ìdí bá di 44, íǹṣì 1 ni ẹ̀yìn fi pọ̀, ìyẹn bíi mìlímítà 1 lórí pílíìtì kọ̀ọ̀kan. Gbogbo 27 ni wọ́n máa tú tí wọ́n á sì tún rán lọ́wọ́, kí ìlà tartan má bàa yẹ̀. Kí wọ́n tó gbà á, kí wọ́n ṣí láínì wò. Àwọn kan máa ń gé aṣọ tó pọ̀ jù nínú pílíìtì lókè kúrò kó má bàa wú. Tí wọ́n bá ti gé e, àyè fífẹ̀ kéré gan-an. Kilt yáàdì 4 náà ò ní aṣọ púpọ̀ nínú pílíìtì bíi ti yáàdì 8.

Ẹni tó fẹ́ rà, kó má lo nọ́ńbà ṣòkòtò. Ṣòkòtò ń jókòó sísàlẹ̀ ìdodo, ìwọ̀n ìdodo lè fi íǹṣì mélòó kan jù ú lọ. Téèpù ni kó mú, kó wọn ìbàdí ní ìdodo, kó wọn ìdí níbi tó ti yọ jù, kó sì wọn láti ìdodo dé àárín orúnkún. Tí ara bá ṣì ń rù lọ́wọ́ tàbí tó ń sanra lọ́wọ́, kó má rán tuntun, kó má sì tú èyí tó ní. Àwọn ọmọ wa ní Glasgow tàbí Aberdeen ní Scotland tó bá ní ìgbéyàwó lọ́la, kí wọ́n yá kilt, kí wọ́n fi ti ara wọn sílẹ̀ títí ìwọ̀n ìbàdí fi máa dúró sójú kan fún oṣù bíi mẹ́ta.