Oorun Wa Wà Nínú Ìwé Àdéhùn: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Níbi Ìdúnàádúrà Àwọn Awakọ̀ Bàálù Akẹ́rù

Bí ẹ bá ń wa bàálù akẹ́rù ní Amẹ́ríkà, ìwé àdéhùn tí ẹgbẹ́ yín bá iléeṣẹ́ tọwọ́ bọ̀ ló ń dáàbò bo oorun yín. Òfin ìjọba kò ṣe é tó. Èyí ni ẹ̀kọ́ tó tóbi jù lọ tí mo kọ́ láti ìgbà tí mo ti ń gbé ẹrù lóru, àti láti ìgbà tí wọ́n ti fi mí sínú ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ wa sọ̀rọ̀ lórí ètò iṣẹ́. Àwọn àbúrò wa tó ń pè mí nígbà tí àdéhùn tuntun bá ń bọ̀, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni, "Ẹ̀gbọ́n, èló ni wọ́n fi kún owó wákàtí?" Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ ka abala ìsinmi ná, kí a tó jọ sọ̀rọ̀ owó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2009, bàálù Colgan Air kan, iléeṣẹ́ tó ń gbé èrò, já nítòsí ìlú Buffalo. Èèyàn 50 ló kú, ọ̀kan nínú wọn wà nínú ilé tí bàálù náà já lé lórí. Àwọn ẹbí àwọn tó kú kò jókòó sílé. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀ ní Washington títí àwọn aṣòfin fi ṣe òfin ní 2010 pé kí FAA, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, tún ìlànà ìsinmi awakọ̀ kọ. Ìlànà tuntun náà, tí à ń pè ní Part 117, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 2014. Ó ń wo aago tí awakọ̀ wọṣẹ́. Ẹni tó bá wọṣẹ́ lẹ́yìn aago méjìlá òru, iṣẹ́ wákàtí 9 péré ni wọ́n lè ṣètò fún un. Ẹni tó wọṣẹ́ láàárọ̀ lè tó 14. Ó tún ní kí awakọ̀ sinmi fún wákàtí 10 kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́, kí àyè wà nínú rẹ̀ láti fi wákàtí 8 sùn láìsí ìdíwọ́.

Ìlànà tó dára ni. Àwọn tó ń gbé èrò nìkan ló kàn. Wọ́n yọ àwa akẹ́rù sílẹ̀ nítorí, lójú ìṣirò FAA, owó tí yóò ná àwọn iléeṣẹ́ wa pọ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Àwa tó jẹ́ pé òru gan-an la fi ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n yọ sílẹ̀ nínú ìlànà tí wọ́n ṣe nítorí àárẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ iléeṣẹ́ akẹ́rù UPS, Independent Pilots Association, gbé FAA lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀, wọ́n pàdánù ẹjọ́ náà ní 2016. Wọ́n ti gbé àbá òfin wá síwájú àwọn aṣòfin ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé kí wọ́n dá wa padà sábẹ́ ìlànà náà, àwọn àbá náà kò sì di òfin. Lábẹ́ òfin àtijọ́ tó ṣì de ọ̀pọ̀ nínú wa, awakọ̀ méjì tó jọ ń wa bàálù kan lè wà lẹ́nu iṣẹ́ fún wákàtí 16 nínú wákàtí 24.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2013, kí ìlànà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, bàálù UPS tó gbéra láti Louisville já ní ìdájí bó ṣe fẹ́ balẹ̀ ní Birmingham, ìpínlẹ̀ Alabama. Àwọn awakọ̀ méjèèjì ló kú. Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bára wọn sọ: ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìsinmi àwọn tó ń gbé èrò àti ti akẹ́rù. Nígbà tí NTSB, àjọ ìjọba tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá ọkọ̀, ṣèwádìí tán, wọ́n ní ohun tó fa ìjàǹbá náà ni pé wọ́n ń bá bíbalẹ̀ lọ nígbà tí kò lọ bó ṣe yẹ, tí wọn kò sì ṣọ́ bí bàálù náà ṣe lọ sílẹ̀ tó. Wọ́n ka àárẹ̀ mọ́ àwọn ohun tó dá kún un. Wọn kò sì di gbogbo rẹ̀ ru ètò iṣẹ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń lo àkókò ìsinmi pẹ̀lú. Mo máa ń rántí apá méjèèjì, torí pé ìsinmi tí a bá gbà nínú ìwé, a gbọ́dọ̀ fi sùn.

Nítorí náà, ohun tí òfin kò fún wa, inú ìwé àdéhùn la ti ń wá a. Nígbà tí ẹ bá ń ka abala ètò iṣẹ́, ẹ wo òru mélòó ni wọ́n lè tò tẹ̀ léra fún yín. Òru àkọ́kọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ nira. Bí òru bá ti ń gun orí òru ni àìsùn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ sí ni lára, nítorí oòrùn ń ràn lójú fèrèsé, ẹni tó ń tún yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ṣe ń kan ilẹ̀kùn, ara fúnra rẹ̀ sì mọ̀ pé ọ̀sán kọ́ ló yẹ kí òun sùn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe lè gbé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán sí òru: ṣé ó ní àyè kí ara rẹ̀ fi mọ́ ọn, àbí wọ́n lè pè é ní alẹ́ ọjọ́ kan náà?

Ẹ wo ibi tí ẹ ó ti sùn ní ibùdó ẹrù. Ní ibùdó ńlá bíi ti Memphis àti Louisville, bàálù láti ìlú gbogbo máa ń wọlé láàárín òru, wọn a tú ẹrù, wọn a tò ó, wọn a tún un kó, a ó sì gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́. Láàárín ìwọlé àti ìgbéra yẹn, awakọ̀ lè rí oorun díẹ̀ sùn bí yàrá tó ṣókùnkùn tó sì parọ́rọ́ bá wà. Ìjókòó nínú pálọ̀ tí tẹlifíṣọ̀n ti ń pariwo kì í ṣe yàrá oorun. Níbi ìdúnàádúrà tiwa, ọ̀rọ̀ yàrá yìí gba àkókò ju bí ará ìta ṣe lè rò lọ. Yàrá mélòó? Ta ni yóò máa tọ́jú wọn? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ ní òru tí wọ́n bá kún? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló ṣe pàtàkì jù, nítorí ìlérí tí kò sọ ohun tí yóò tẹ̀ lé e bí wọn kò bá mú un ṣẹ, ẹgbẹ́ kò lè fi pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ awakọ̀ tó pe ọ́fíìsì tó ní, "Ó ti rẹ̀ mí, n kò lè wa bàálù yìí." Ṣé wọn yóò san owó ìrìn àjò náà fún un? Ṣé wọn yóò yọ ọ́ kúrò nínú ọjọ́ àìsàn rẹ̀? Ta ni yóò yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò, ọ̀gá rẹ̀ nìkan ni, tàbí ìgbìmọ̀ tí ẹgbẹ́ ní aṣojú nínú rẹ̀? Mo mọ àwọn tó ti gbéra pẹ̀lú ojú tó wúwo nítorí pé owó ilé ń dúró dè wọ́n lópin oṣù. N kò dá wọn lẹ́bi. Ìwé tó ń fi owó dẹ́rù ba ẹni tó ti rẹ̀ ni mo dá lẹ́bi.

Bí ẹ bá fẹ́ kí irú abala bẹ́ẹ̀ wọlé, ẹ máa kọ ìròyìn àárẹ̀ yín sílẹ̀ láti ìsinsìnyí. Àwọn tó jókòó ní òdìkejì tábìlì kì í ṣe ọ̀tá, ọ̀pọ̀ wọn ló sì mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ padà lọ ṣàlàyé fún àwọn tó ń ṣírò owó. Nígbà tí a ní "ó ń rẹ̀ wá," wọ́n kan mi orí ni. Nígbà tí a to ìròyìn àwọn awakọ̀ síwájú wọn, pẹ̀lú orúkọ ìrìn àjò kan náà tó ń yọjú léraléra, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bí a ṣe lè tún ìrìn àjò náà tò.

Ẹ múra sílẹ̀ pé yóò pẹ́. Òfin tó ń ṣàkóso ìdúnàádúrà wa ni Railway Labor Act, tí wọ́n ṣe fún rélùwéè ní 1926, tí wọ́n sì fa iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú mọ́ ní 1936. Lábẹ́ rẹ̀, ìwé àdéhùn kì í kú. Bí ọjọ́ tí a lè tún un yẹ̀ wò bá kọjá, èyí tó wà nílẹ̀ ń bá iṣẹ́ lọ, pẹ̀lú owó àtijọ́, títí tuntun yóò fi dé. Bí ìjíròrò bá dúró, a lè ké sí àjọ ìlàjà ti ìjọba, National Mediation Board, kí wọ́n rán onílàjà wá, kò sì sí iye oṣù tí òfin dá fún onílàjà láti fi parí iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí àjọ náà bá gbà pé ọ̀nà ti dí, tí ẹ̀gbẹ́ kan sì kọ̀ kí ẹlòmíràn bá wọn dá ọ̀rọ̀ náà, ni 30 ọjọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kà kí ẹnikẹ́ni tó lè daṣẹ́ sílẹ̀. Ààrẹ ṣì lè yan ìgbìmọ̀ pàjáwìrì tí yóò dá a dúró fún 60 ọjọ́ mìíràn. Ní oṣù Kejì ọdún 1997, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn awakọ̀ American Airlines bẹ̀rẹ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀ ni Ààrẹ Clinton dá wọn dúró. Ẹni tó bá sọ fún yín pé "ẹ jẹ́ ká daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la," kò tíì ka òfin náà.

Ẹ má sì dán ọgbọ́n fífa iṣẹ́ sẹ́yìn wò. Ní ìparí ọdún 2017, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan pàṣẹ fún ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ iléeṣẹ́ akẹ́rù Atlas Air pé kí wọ́n dẹ́kun fífalẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ìdúnàádúrà ń lọ, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fọwọ́ sí àṣẹ náà ní 2019. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Bí ó bá rẹ̀ yín lóòótọ́, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá rẹ̀ yín, ẹ má fi àárẹ̀ ṣe ohun ìjà, nítorí ẹni tó rẹ̀ lóòótọ́ ni wọn kò ní gbà gbọ́ lọ́la.

Ìpẹ́ yìí ló fa ọ̀rọ̀ owó àkókò tó ti kọjá. Bí ọdún bá gorí ọdún kí ìwé tuntun tó dé, àlàfo tó wà láàárín owó àtijọ́ àti tuntun, ta ló ni ín? Iléeṣẹ́ sábà máa ń fẹ́ san owó kan ṣoṣo lọ́jọ́ ìtọwọ́bọ̀wé dípò rẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ ṣírò ti ara yín, torí ẹni tó fò púpọ̀ àti ẹni tó fò díẹ̀ kò lè rí nǹkan kan náà níbẹ̀. Ẹ tún rántí pé wákàtí tí bàálù ń rìn ni wọ́n sábà fi ń ṣírò owó wa. Wákàtí tí ẹ fi dúró de ẹrù kì í wọ inú rẹ̀ àfi bí ìwé bá ní ìlànà tó ń ka ìdá kan nínú àkókò tí ẹ fi wà lẹ́nu iṣẹ́. Owó wákàtí tó ga pẹ̀lú ìlànà ìdúró tó rẹlẹ̀ lè jẹ́ kí owó oṣù wà níbi tó wà. Ẹ ka abala tó sọ ẹni tó lè gbé ẹrù iléeṣẹ́ yín pẹ̀lú. Bí àyè bá ṣí sílẹ̀ púpọ̀ fún iléeṣẹ́ mìíràn láti gbé e, owó tó ga kò ní ẹni tí yóò gbà á.

Ọmọ ẹgbẹ́ ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ní oṣù Keje ọdún 2023, àwọn awakọ̀ iléeṣẹ́ akẹ́rù FedEx dìbò lórí ìwé tí àwọn aṣojú wọn ti fẹnu kò lé lórí, ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún sì kọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ àfikún owó tó wà nínú rẹ̀ kò kéré. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé bí a bá kọ ọ̀kan, òmíràn tó sàn jù ti wà nílẹ̀. Inú ìdúnàádúrà kan náà la ó padà sí, pẹ̀lú owó àtijọ́. Kí ẹni tó fẹ́ kọ̀ ọ́ mọ abala tó fẹ́ kí wọ́n tún ṣe, kó sì sọ ọ́ fún aṣojú rẹ̀.

Nígbà tí ìwé tiyín bá dé, ẹ má ka àkópọ̀ olójú ewé méjì nìkan. Ẹ tẹ́ ìwé àtijọ́ àti tuntun sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti abala ètò iṣẹ́. Ẹ mú ìrìn àjò tó le jù lọ tí ẹ fò lọ́dún tó kọjá, kí ẹ wò ó bóyá ìwé tuntun ṣì gbà wọ́n láàyè láti fún yín ní irú rẹ̀. Ẹ lọ sí ìpàdé tí ẹgbẹ́ bá pè, ẹ jẹ́ kí ẹni tó kọ abala náà dáhùn yín lójúkojú. Ní tèmi, ìwé tó bá dín ìsinmi kù sí ti àtijọ́, iye yòówù kí wọ́n kọ sí abala owó, n kò ní dìbò fún un.