Kámẹ́rà Lọ́wọ́ Ọ̀tún, Ọmọ Lọ́wọ́ Òsì

Fọ́tò kan ṣoṣo ni mo ní láti ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọwọ́. Ọdún 1991 ni wọ́n yà á, ní ṣọ́ọ̀bù ayafọ́tò kan ní Ìbàdàn. Mo jókòó sórí àga onítìmùtìmù, wọ́n ya àtẹ̀gùn àti òdòdó sára aṣọ tí ó wà lẹ́yìn mi, mo sì la ẹnu bí ẹni tí ó fẹ́ ké. Ní etí fọ́tò náà lápá ọ̀tún, ọwọ́ kan yọ wọlé láti ìta, ó di ẹ̀yìn mi mú kí n má baà ṣubú, ẹ̀gbà wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà lọ́rùn ọwọ́ náà. Ọwọ́ ìyá mi ni. Àwọn ni wọ́n gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù, àwọn ni wọ́n san owó, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn nìkan ni ó kù sínú fọ́tò. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń wo fọ́tò yìí tí n kò bìkítà fún ọwọ́ náà, títí di oṣù kẹwàá ọdún tí ó kọjá, tí èmi náà bímọ.

Fọ́tò yíyà kì í ṣe iṣẹ́ mi; ìṣirò owó ni mo ń ṣe jẹun. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ra kámẹ́rà Canon tòkunbọ̀ kan, tí mo sì ń jí ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé láti gun Láyípo, ilé ìṣọ́ gíga tí ó wà ní Òkè Àrẹ̀ ní Ìbàdàn, kí n lè ya òrùlé páànù ìlú náà nígbà tí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ìpẹtà rẹ̀. Bí ọjọ́ ọjà Òjé bá pé, n óò lọ ya àwọn aláṣọ òkè, bí wọ́n bá gbà fún mi. Nígbà tí mo lóyún, mo rò pé ọmọ ni n óò kàn máa yà dípò òrùlé, pé ohun tí mo ti mọ̀ yóò tó mi lò. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n wá bá wa wẹ ọmọ, ni wọ́n kọ́kọ́ fi òfin lélẹ̀. Ní ọjọ́ tí a ti ilé ìwòsàn dé, mo ní kí ọkọ mi bá mi gbé báàgì kámẹ́rà wá. Màmá wò mí, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ọmọ tí a kò tíì sọ lórúkọ, kí ni a ó máa pè é nínú fọ́tò?" N kò bá wọn jiyàn. Títí di ọjọ́ kẹjọ ni n kò fọwọ́ kan báàgì náà. Mo rò pé yóò dùn mí, ṣùgbọ́n ojú lásán ni mo fi ń wo ọmọ náà ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, mo sì rí i pé etí rẹ̀ òsì tẹ̀ ju tọ̀tún lọ, pé irun wẹ́wẹ́ wà ní èjìká rẹ̀, pé bí ó bá fẹ́ sunkún, ètè ìsàlẹ̀ ni ó kọ́kọ́ máa ń gbọ̀n. Bí mo bá ti gbé kámẹ́rà lé ojú láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni, kò dá mi lójú pé n bá rí wọn. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, nígbà tí a fi oyin àti iyọ̀ kan ẹnu rẹ̀, tí obì àti orógbó sì kárí ilé, gbogbo àlejò ni ó na fóònù sókè. Èmi tí mo ní kámẹ́rà ni mo jókòó, tí mo tẹ́ ọmọ sórí ẹsẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án ni mo bá ìṣòro tí n kò ronú kàn rí pàdé. Lẹ́ǹsì tí mo fẹ́ràn jù ni 50mm tí ojú rẹ̀ ṣí dé f/1.8, nítorí pé ó ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, owó rẹ̀ kò sì ga. Ọmọ ń mu ọyàn, ó tẹjú mọ́ mi, mo fi ọwọ́ ọ̀tún gbé kámẹ́rà, mo tẹ bọ́tìnì, kámẹ́rà kọ̀. Lẹ́ǹsì ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń wá ibi tí yóò fojú sí, kò rí i. Mo ti gbàgbé pé ohunkóhun tí ó bá sún mọ́ kámẹ́rà ju sẹ̀ǹtímítà 35 lọ, lẹ́ǹsì náà kò lè rí i kedere, ojú ọmọ kò sì jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ti ṣàlàyé fún mi kí a tó kúrò ní ilé ìwòsàn pé ọmọ tuntun kò tíì ríran jìnnà. Ohun tí ó wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 sí i ni ó ń rí dáadáa jù lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni ojú ìyá máa ń wà nígbà tí ọmọ bá wà lẹ́nu ọyàn. Ibi tí ọmọ mi ti ń rí mi ni lẹ́ǹsì mi kò ti lè rí òun.

Mo lọ wá lẹ́ǹsì 18–55mm tí ó bá kámẹ́rà wá, èyí tí mo ti kó sí ìsàlẹ̀ àpótí láti ọdún mẹ́ta nítorí pé mo kà á sí ti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Sẹ̀ǹtímítà 25 ni tirẹ̀ mọ. Ojú rẹ̀ kì í ṣí tó ti ìkejì, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ tí ó ń fẹ́ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó lè fojú sí ibi tí ọmọ wà, mo sì lè yà á pẹ̀lú gbogbo yàrá lẹ́yìn rẹ̀ láìsí pé mo ń fi ẹ̀yìn ta ògiri. Láti ọjọ́ náà, okùn kámẹ́rà kì í kúrò lọ́rùn mi bí mo bá gbé e, n kì í sì í gbé e kọjá sókè orí ọmọ láé, bí ó ti wù kí fọ́tò tí mo rí níbẹ̀ dára tó, nítorí ọwọ́ ẹni tí kò sùn kò ṣeé gbára lé.

Fèrèsé yàrá wa kan kọjú sí ìlà oòrùn. Láàárín aago méje àbọ̀ sí mẹ́sàn-án àárọ̀, ìmọ́lẹ̀ máa ń gba inú kọ́tìnì funfun wọlé, á rọ̀ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ sórí ibùsùn. Mo fi ìró funfun kan kọ́ sára kọ́bọ́ọ̀dù ní òdì kejì kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà sí ẹ̀gbẹ́ ojú ọmọ tí ó ṣókùnkùn, ìyẹn nìkan sì tó fún mi ju ohun èlò olówó ńlá lọ. Nígbà tí ọyẹ́ dé nínú oṣù kejìlá, eruku aṣálẹ̀ Sàhárà bo ojú oòrùn, òjìji sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ilé. Ibi gbogbo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá lẹ́ẹ̀kan náà. N kò rí ìmọ́lẹ̀ tí ó dára fún ojú ọmọ jòjòló jù ú lọ. Ṣùgbọ́n n kì í yọ lẹ́ǹsì lórí kámẹ́rà nígbà ọyẹ́, nítorí pé eruku náà á bà sórí ohun tí ó ń gba àwòrán nínú rẹ̀, á sì di àmì dúdú nínú gbogbo fọ́tò.

Òru ni ó le jù. Bí iná bá wà, gílóòbù LED máa ń fa ìlà dúdú kọjá lára fọ́tò bí mo bá jẹ́ kí kámẹ́rà yára jù, nítorí pé iná ìjọba tiwa máa ń yí padà ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gílóòbù yẹpẹrẹ á sì máa ṣẹ́jú ní ìgbà 100. Bí mo bá dín ìyára rẹ̀ kù sí 1/50 ìṣẹ́jú àáyá, ìlà náà á lọ, ṣùgbọ́n ọmọ kò gbọ́dọ̀ mira. Ìdí nìyí tí gbogbo fọ́tò òru mi fi jẹ́ ti oorun. Fíláàṣì, ẹ̀ẹ̀kan ni mo dán an wò: ọmọ na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ń jábọ́ láti orí igi, ó bú sẹ́kún, n kò sì tún tàn án mọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ní aago mẹ́ta òru, mo pa gbogbo ohun tí ó wà nínú mẹ́mọ́rì káàdì rẹ́, mo rò pé mo ti kó wọn sínú kọ̀ǹpútà. N kò tíì kó wọn. Fọ́tò ọjọ́ mọ́kànlá lọ, ẹ̀rín tí ó kọ́kọ́ rín sí wa sì wà níbẹ̀. Mo sunkún tí ọkọ mi fi jí. Láti ìgbà náà, ibi méjì ni mo ń kó fọ́tò sí ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ní ìparí oṣù mo sì máa ń yan méjìlá, n óò lọ fọ̀ wọ́n sórí bébà, n óò sì kọ ọjọ́ sí ẹ̀yìn wọn.

Fọ́tò tí mo fẹ́ yà jù lọ ni ti ìwẹ̀ àárọ̀. Ní ẹ̀yìnkùlé, Màmá á jókòó sórí àpótí, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á ká ìró dé orúnkún, wọ́n á sì tẹ́ ọmọ sórí ojúgun wọn bí ẹni tẹ́ aṣọ. Kànrìnkàn, ọṣẹ dúdú, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Lẹ́yìn náà òrí, tí wọ́n á kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ yọ́. Wọ́n á fa apá ọ̀tún pàdé ẹsẹ̀ òsì, wọ́n á fa apá òsì pàdé ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n á máa ki ọmọ ní oríkì, ọmọ tí ó ń ké lọ́wọ́ á sì dákẹ́ láti gbọ́. Jíju ọmọ sókè ni nọ́ọ̀sì ti ní kí a fi sílẹ̀, Màmá sì gbà. Mo mọ̀ pé ní 1/500 ìṣẹ́jú àáyá, omi tí ń kán láti ìka wọn yóò dúró lójú òfuurufú bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo ti gbé kámẹ́rà sókè kí wọ́n tó gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ṣé bí mo ṣe ká aṣọ dé orúnkún yìí ni o fẹ́ kí ọmọ yìí mọ̀ mí sí?"

Fọ́tò tí Màmá fẹ́ ni ti ìjókòó àgbà, pẹ̀lú gèlè àti ìborùn. Ìfẹ́ wọn yìí ní gbòǹgbò. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí lórí àwọn ayafọ́tò Yorùbá ní Ìlá Ọ̀ràngún ní 1975, ṣàkíyèsí pé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ní ìlànà: àgbà á kọjú sí kámẹ́rà, á wọ aṣọ tí ó dára jù, á gbé ọwọ́ lé itan, gbogbo ara rẹ̀ á sì hàn. Ó tún kọ ọ́ pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayafọ́tò á ya èyí tí ó kù, á sì fọ̀ ọ́ ní ìlọ́po méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ìbejì lè pé. Àwọn ayafọ́tò wọ̀nyẹn mọ̀ pé ohun tí ẹbí fẹ́ kí fọ́tò sọ ni wọ́n ń bá wọn yà. Nítorí náà mo kọ́kọ́ ya Màmá bí wọ́n ti fẹ́, pẹ̀lú aṣọ òkè wọn, ọmọ lórí itan, mo fọ̀ ọ́ ní ńlá, mo fi férémù sí i. Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n rí i lára ògiri, wọ́n pè mí sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní mo lè ya ọwọ́ wọn, kí n sáà má ya orúnkún. Fọ́tò ọwọ́ dídán méjì tí ó gbá orí ọmọ mú ni mo kà sí èyí tí ó dára jù nínú gbogbo ohun tí mo ti yà rí, n kò sì gbé e sórí Facebook, nítorí pé ọmọ náà kò tíì lè sọ fún mi bóyá òun fẹ́.

Ní oṣù kẹta, bí mo ti ń yan èyí tí n óò fọ̀, mo kà wọ́n. Fọ́tò ọmọ lé ní 400. Mẹ́ta ni mo wà nínú wọn, nínú méjì sì rèé, ọwọ́ mi nìkan ni ó hàn, tí ó di ọmọ mú láti etí. Mo lọ gbé fọ́tò 1991 jáde, mo sì jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọkọ mi. Mo to gbogbo ìwọ̀n sílẹ̀ fún un, ìyára 1/125, ojú lẹ́ǹsì f/5.6, ìgbàmọ́lẹ̀ ISO 1600, mo ní kí ó máa dúró lápá fèrèsé. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò lè yà mí láìkọ́kọ́ pè mí. Á ní, "Ìyá ọmọ mi, wo ibí, rẹ́rìn-ín," mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má pè mí, kí ó sáà yà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó gbọ́. Ìborí mi ti yọ́ sẹ́yìn, wàrà ti rin ẹ̀wù mi, mo ń kọrin, ọmọ sì ti ki ìka mẹ́ta bọ̀ mí lẹ́nu. Ìrọ̀rí ni lẹ́ǹsì fojú sí, àwa méjèèjì ṣú díẹ̀. Mo fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ewé kan náà pẹ̀lú fọ́tò 1991.

Ìyá mi wá kí wa lọ́sẹ̀ tí ó kọjá. Wọ́n ṣí ojú ewé náà, wọ́n rẹ́rìn-ín sí fọ́tò èmi àti ọmọ, wọ́n sì fi ìka kan ẹ̀gbà ọwọ́ inú fọ́tò 1991. Wọ́n ní àwọn tà á ní ọdún tí mo wọ yunifásítì. N kò gbọ́ ọ rí. Mo gbé ọmọ lé wọn lọ́wọ́, mo ní kí wọ́n sún mọ́ fèrèsé, mo sì fi ojú lẹ́ǹsì sí ojú wọn.